Ní Báyìí Tàbí Tó Bá Yá

Ọkọ̀ ojú omi aago mẹ́sàn-án ló gbé Edelmira dé láti Llingua,
kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà nínú kúbùsù
bí ọmọ tí ibà ń ṣe.
Òjò Achao kì í bi èèyàn ní ọjọ́ orí:
ó rin òun gbindin,
kò kan kúbùsù.

Ó ní, "Nibaldo, nǹkan yìí ti ń yọ mí lẹ́nu
láti oṣù Kẹrin."
Ó tàn án. Lóòótọ́, ojú ẹ̀rọ là, ó béèrè:
Ṣé kí n sọ ara mi dọ̀tun ní báyìí,
àbí tó bá yá?

Mo wò ó títí. Kò sí bọ́tìnnì "rárá".
Ẹni tó kọ ìbéèrè yìí kò tí ì tọrọ ìyàwó nílé onílé rí,
ì bá mọ̀ pé rárá náà èsì ni.

Mo sọ ohun tí iṣẹ́ mi kọ́ mi láti sọ:
"Àwọn tó ṣe é ní àwọn ò tún un ṣe mọ́.
Ilẹ̀kùn tí káfíńtà kọ̀ sílẹ̀,
olè ni yóò máa bá ọ tọ́jú rẹ̀."

Ó ní, "Ẹ̀rọ ìhunṣọ mi ńkọ́?"

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.
Ẹ̀rọ náà ti pé ọdún mọ́kànlélógún,
ilé iṣẹ́ tó rọ ọ́ ti di ibi ìgbọ́kọ̀sí,
èdè kọ̀ǹpútà àtijọ́ yìí nìkan ló gbọ́.
Tí a bá yí i padà, bóyá á dáhùn,
bóyá á kàn máa wò wá
bí àlejò tó sọnù ní èbúté.
Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. N kò purọ́.

Mo wo ẹrù inú rẹ̀:
àwòrán súẹ́tà mẹ́rìnlá lé nígba,
fọ́tò àgùntàn kan tó ti kú,
lẹ́tà sí ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì, èyí tí wọn ò fèsì sí,
àti káàdì tó máa ń dá ta lóru.
Mo ní, "Gbogbo èyí á tẹ̀ lé ọ.
Ilé là ń kó, a ò dáná sun ún."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kíkó ilé? Èmi lò ń sọ ọ́ fún?"
Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí gbogbo erékùṣù
ti igi gbọọrọ bọ abẹ́ ilé bàbá rẹ̀,
tí wọ́n so ó mọ́ màlúù mẹ́rìndínlógún,
tí wọ́n wọ́ ọ gun òkè
tilẹ̀kùn-tilẹ̀kùn, tòrùlé-tòrùlé.
Àwo kan ṣoṣo ló fọ́.
Ìyá rẹ̀ kọ̀, kò pa iná ààrò,
èéfín ń jáde lórí ilé tó ń rìn.

"Gbogbo wa la dé," ló wí, "àfi ológbò.
Ó bá wa dé òkè, ó gbóòórùn ilẹ̀ wò,
ló bá yí padà, ó lọ jókòó
láàrin òkúta ìpìlẹ̀ àtijọ́,
níbi tí ààrò wà tẹ́lẹ̀,
ó ń wo sánmà bí ẹni ń wo àjà."

N kò mọ ohun tí mo lè fi dáhùn.
Mo po matéè, a jọ mu ún nínú ife kan.
Mo ṣe ẹ̀dà ẹrù rẹ̀ sórí fíláàṣì méjì:
ọ̀kan fún un,
ọ̀kan nínú dúróà mi, lábẹ́ ìwé àwọn onígbèsè.
Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí máòsì.
Ó tẹ "ní báyìí"
bí ẹni ń fa irun imú tu.

Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá mọ́kàndínlógún.
Ọkọ̀ aago méjìlá fọn fèrè, ó lọ.
Ìdá mẹ́tàdínlógójì, ó dúró síbẹ̀,
àmì róbótó kékeré ń yí, ó ń yí.
Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án nínú àwa méjèèjì.

Ó pẹ́ kí n tó rántí bi í:
"Ológbò yẹn ńkọ́, ṣé ó padà wá?"

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.
"Lọ́jọ́ kẹta.
Ebi ló mú un wá o. Kì í ṣe ìfẹ́."